Àwọn Àlejò Inú Ilé Wa: Níbo Ni Wọ́n Ti Wá, Níbo Ni Wọ́n Sì Ń Lọ?

Bí àlejò bá wọ ilé ẹni, lẹ́yìn tí a bá ti fún un ní ìjókòó, tí a sì ti bu omi fún un mu, ìbéèrè méjì kan wà tí àgbà ilé kì í ṣàì bi í. Èkíní ni pé, "Níbo ni ẹ ti ń bọ̀?" Èkejì ni pé, "Níbo ni ẹ ń lọ?" Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ti àfojúdi. Ilé tí kò bá bi àlejò rẹ̀ ní méjèèjì kò mọ irú ẹni tí ó sùn ti àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, àwa fẹ́ kí gbogbo ilé tí ó ń ka ìwé ìròyìn yìí bi àwọn àlejò mìíràn ní ìbéèrè méjì náà: èyí ni àwọn ohun èlò tí ó kún yàrá, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ wa, tí a rà lọ́jà láìbèèrè orírun wọn, tí a sì ń sọ nù láìbèèrè ibi tí wọn yóò sùn.

Kí a tó nàka sí ẹnikẹ́ni, ó tọ́ kí a jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa. Àwa ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkórè nínú ìjọ wa, ọwọ́ wa sì ni ìwé ìṣirò owó wà. Ní ọdún tí ó kọjá, àwọn ìyá ìjọ dá a lábàá pé ewé ni kí a fi di mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ tí a óò fi ṣe àwọn ènìyàn lálejò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe láyé àtijọ́. Àwa gan-an ni a dìde tí a ní ewé ti wọ́n jù, àti pé ọ̀rá àti abọ́ fóòmù funfun dín owó kù, wọ́n sì yá lọ́wọ́. A ka iye owó méjèèjì sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ìpàdé, kò sì sí ẹni tí ó lè bá ìṣirò jiyàn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ewé ṣe kọjá lọ.

Ọjọ́ ìkórè dùn, oúnjẹ pọ̀, ẹ̀rín sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ náà òjò àrọ̀kúrò kan rọ̀, irú èyí tí ó máa ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní padà wá mọ́. Afẹ́fẹ́ ti gbá ọ̀rá àti abọ́ funfun wa sínú gọ́tà. Wọ́n dí ọ̀nà omi pa. Nígbà tí omi kò rí ọ̀nà lọ, ó yà sínú ìsọ̀ ìyá àgbà kan tí ń ta ewé ní ẹ̀bá ọ̀nà, kò jìnnà sí ọgbà ìjọ. Gbogbo ìdì ewé tí ó tò sílẹ̀ de ọjà ọjọ́ kejì ni àgbàrá gbé lọ. Ìyá yìí kan náà ni àwọn ìyá ìjọ ì bá ti ra ewé lọ́wọ́ rẹ̀, bí kò bá ṣe ti ìṣirò wa. Owó tí a sọ pé a fi pamọ́, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí a fi san owó iṣẹ́ fún àwọn tí ó wá kó gọ́tà. Ewé tí ó bá omi lọ kò sì sí nínú ìwé wa rárá, nítorí ìwé ìṣirò wa kò ní ìlà fún àdánù ẹlòmíràn.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wádìí, nínú ìwé àti lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀, irú àlejò tí a gbà sílé. Ohun tí a rí nìyí.

ORÍRUN WỌN

Bí a bá dárúkọ epo rọ̀bì, ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn a máa lọ sí epo inú ọkọ̀ àti kẹrosíìnì inú sítóòfù. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Epo dúdú tí a ń fà láti inú ilẹ̀, irú èyí tí a rí ní Oloibiri ní ọdún 1956, tí orílẹ̀-èdè wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà sí òkè òkun ní ọdún 1958, iná ni a fi ń yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí ó bá gbóná, èyí tí ó fúyẹ́ nínú rẹ̀ a gòkè bí oruku omi gbígbóná, a óò sì gbà á sí ọ̀tọ̀; èyí tí ó wúwo a sì kù sí ìsàlẹ̀. Gáàsì ni ó ń ṣáájú, bẹntiróòlù a tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kẹrosíìnì àti dísẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn náà òróró ẹ̀rọ àti ìda tí a fi ń ṣe àbẹ́là. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọ̀dà tí a fi ń tẹ́ títì.

Nínú èyí tí ó fúyẹ́ nínú epo yìí, àti nínú gáàsì, ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣe ọ̀rá àti ike. Ẹ jẹ́ kí a rìn yí ilé wa ká. Ọ̀rá omi tí a ń fi eyín ya, kóòmù, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, garawa ike, ẹní ike, àpò ìrẹsì, okùn ike, kànìnkànìn ike, aṣọ tí a ń pè ní pọlísítà, àbẹ́là tí a ń tàn nígbà tí iná mànàmáná bá lọ, ìpara Vaseline, àti ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí a fi ń fọ aṣọ: ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn, inú kànga kan náà ni wọ́n sì ti jáde.

A kò sọ pé ọ̀tá ni epo rọ̀bì. Ọ̀dà kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ń ka Ìwé Mímọ́, nítorí òun ni a fi kun apẹ̀rẹ̀ tí a tẹ́ Mósè ọmọ-ọwọ́ sí lórí omi. Ó wà nínú ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú, ní Àgbàbú ní ìpínlẹ̀ Òndó, níbi tí ó ti ń sun jáde fúnra rẹ̀. Bí ẹni wa bá dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ike ni ọ̀pá tí omi ìwòsàn ń gbà wọ inú iṣan rẹ̀, a sì dúpẹ́ pé ó wà. Ohun tí a ń sọ ni pé àlejò tí a pè fún iṣẹ́ kan ti gba gbogbo ilé, ó sì ti lé àwọn ọmọ onílé jáde.

Àlejò yìí kò tí ì pẹ́ láàrin wa bí a ti rò. Ọ̀gbẹ́ni Robert Chesebrough, onímọ̀ ẹ̀rọ ìpògùn kan ní Amẹ́ríkà, ni ó lọ sí ìlú Titusville ní ọdún 1859, tí ó rí ohun kan bí ìda tí ń lẹ̀ mọ́ ọ̀pá ẹ̀rọ ìfapo, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fi pa ojú ọgbẹ́. Ó sẹ́ ẹ títí ó fi mọ́, ó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní ọdún 1872. Èyí ni Vaseline. Ọ̀rá tí a ń pè ní pọlitíìnì, èèṣì ni àwọn onímọ̀ méjì fi rí i ní Northwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù March ọdún 1933. Àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún láàrin wa lè rántí ọjà tí kò sí ọ̀rá kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè. Wọn yóò sọ fún yín pé òrí tí ó ti Òkè-Ògùn wá ni a ń fi pa ara ọmọ tuntun, pé orín ni a fi ń fọ eyín, pé inú igbá ni a ti ń jẹun, pé ewé ni a fi ń di iyọ̀, obì, ẹran àti ẹ̀kọ, àti pé nígbà tí a bá jẹun tán, ewúrẹ́ ni ó ń bá wa palẹ̀ mọ́.

Ìtàn ọṣẹ ni ó yà wá lẹ́nu jù. Láyé àwọn ìyá wa, àdín tàbí epo pupa àti omi eérú ni a fi ń se ọṣẹ dúdú. A óò sun èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ di eérú, a óò sẹ́ omi rẹ̀, a óò sì sè é pọ̀ mọ́ àdín títí yóò fi dì. Òyìnbó pàápàá, epo wa ni ó fi ń se ọṣẹ tirẹ̀. Kí ogun ńlá ọdún 1914 tó bẹ́ sílẹ̀, apá tí ó pọ̀ jù nínú ẹkùrọ́ tí ọkọ̀ ń kó láti etíkun wa, ilẹ̀ Jámánì ni ó ń lọ. Nígbà tí ogun dí ọ̀nà òkun, epo ọṣẹ wọ́n àwọn ará Jámánì, àwọn onímọ̀ wọn sì fi èròjà tí a yọ nínú èédú ilẹ̀ ṣe ohun ìfọṣọ tí kò gba epo ọṣẹ. Lẹ́yìn ogun kejì, epo rọ̀bì gba ipò èédú, ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú sì tàn ká gbogbo ayé. Ẹ kíyè sí i: àìrí ẹkùrọ́ rà ni ó mú kí àwọn ẹlòmíràn wá arọ́pò rẹ̀. Àwa tí ẹkùrọ́ ń jẹrà lábẹ́ ọ̀pẹ wa ni a wá ń náwó ra arọ́pò náà.

Ẹ wo àdìrẹ pẹ̀lú. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe ni a fi ń ya iṣẹ́ sí i lára, inú aró ẹ̀lú ni a sì ń rì í bọ̀. Ní ọdún 1897, ilé-iṣẹ́ BASF ní ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí kò ti inú ewé wá. Lóde òní, ìda àbẹ́là tí ó ti inú epo rọ̀bì wá ni ọ̀pọ̀ aláró ń yọ́ sórí aṣọ dípò ẹ̀kọ. Àdìrẹ ni a ṣì ń pè é, ṣùgbọ́n orírun rẹ̀ ti yí padà, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kò sì mọ̀.

OHUN TÍ AYÉ Ń PADÀ SÍ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí ń ṣàárò ayé àtijọ́ nìkan ni èyí. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó kọ́ wa ní lílo epo rọ̀bì ti ń wo ewé àti èso padà. Ní tòótọ́, apá kan nínú wọn kò fìgbà kan gbàgbé wọn. Níbi Àfihàn Ńlá ìlú Paris ní ọdún 1900, ẹ̀rọ kan tí a ṣe ní ìlànà Rudolf Diesel, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe epo dísẹ́ẹ̀lì, ṣiṣẹ́ pẹ̀lú òróró ẹ̀pà.

Ní Brazil, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú ti fi òógùn wọn gbin ìrèké fún ọlọ́jà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan ní ọdún 1975, lẹ́yìn tí epo rọ̀bì gbówó lórí ní ọjà àgbáyé. Wọ́n ń fún ìrèké, wọ́n ń jẹ́ kí omi rẹ̀ kan, wọ́n sì ń sè é di ọtí líle tí ọkọ̀ lè lò. Títí di òní, ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ nínú bẹntiróòlù tí a ń tà fún ọlọ́kọ̀ níbẹ̀ ni irú ọtí yìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti inú ìrèké wá. Láti ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ Braskem ń fi ọtí ìrèké kan náà ṣe ọ̀rá ní Triunfo, ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Ní ìlú Blair ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti ń sọ àgbàdo di ike láti ọdún 2002, tí a fi ń ṣe ife àti abọ́.

Ẹ sì rántí kasitọ́ọ̀lì, òróró tí a máa ń di imú wa mú kí a tó lè gbé e mì nígbà tí inú bá ń run wá ní ọmọdé. Èso lárà ni a ti ń fún un. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé ti ń fi òróró yìí ṣe irú náílọ́ọ̀nù kan láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ó sì le tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń ṣe ọ̀pá tí epo ń gbà kọjá nínú ọkọ̀. Ilẹ̀ India ni ó ń gbin lárà jù lọ ní ayé, ó sì ń rí owó lórí rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, orí ààtàn ni lárà ń hù sí, láìsí ẹni tí ó gbìn ín.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Títí dé ìhín, ìbéèrè kìíní nìkan ni a ti ń dáhùn. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni yóò sì fẹ́ kí a dúró níbẹ̀. Wọn yóò kọ ọ́ sára ọjà wọn pé, "Láti inú ewé ni a ti ṣe èyí," àwa náà yóò sì rà á pẹ̀lú ayọ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé ìbéèrè kejì: níbo ni ó ń lọ?

Ọ̀rá tí a fi ìrèké ṣe ní Brazil kò yàtọ̀ rárá sí èyí tí a fi epo rọ̀bì ṣe. Ó ṣeé tún lò bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní jẹrà. Bí ẹ bá sọ ọ́ sínú gọ́tà, yóò dí gọ́tà. Bí màlúù bá gbé e mì, yóò pa á lára. Ike tí a fi àgbàdo ṣe lè jẹrà, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ààtàn tí a ṣètò rẹ̀ ní pàtàkì, tí ó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú gọ́tà àdúgbò tàbí nínú ọ̀sà, yóò wà níbẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ọmọ ènìyàn lè wá láti ilé rere kí ó sì máa lọ sí ibi burúkú; bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ohun èlò.

Ìdí tí ìbéèrè kejì fi wúwo ni pé ike tí ayé ń ṣe lọ́dọọdún ti lé ní 400 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Nínú gbogbo èyí tí a ti sọ nù láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 9 nínú ọgọ́rùn-ún ni a tún lò. Èyí tí a sun kò ju nǹkan bí 12 lọ. Ìyókù wà lórí ilẹ̀, nínú odò àti nínú òkun. Ti inú ìkòkò wa tún wà níbẹ̀. Bí ooru àti epo oúnjẹ bá pàdé ike, díẹ̀ nínú èròjà rẹ̀ lè wọ inú oúnjẹ. Èròjà tí a fi ń ṣe abọ́ fóòmù funfun, èyí tí a ń pè ní styrene, ni àwọn onímọ̀ àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà ní ọdún 2018 mọ́ àwọn ohun tí ó jọ pé ó lè fa àrùn náà. A kò sọ èyí láti dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń se mọ́ínmọ́ín nínú ọ̀rá yẹ kí ó mọ̀ ọ́n, nítorí ọmọ rẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde ìfòfindè abọ́ fóòmù ní oṣù January ọdún 2024, ó sì fi ọjọ́ kìíní oṣù July ọdún 2025 lélẹ̀ fún oríṣi ike mìíràn tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a sì ń sọ nù. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kì í wọ ilé ìdáná. Ẹni tí ó ni ìkòkò ni ó mọ ohun tí yóò fi bò ó.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù, kí a má bàa sá fún ìjàmbá kan kí a kó sínú òmíràn. Ohun tí ó ti inú ilẹ̀ oko wá, ilẹ̀ oko ni ó ń jẹ. Ní oṣù January ọdún 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rìn ní ìgboro olú-ìlú Mexico nítorí pé àkàrà àgbàdo tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ ti gbówó lórí; ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí a kà sílẹ̀ ni pé àgbàdo púpọ̀ ti ń lọ sí inú ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní Indonesia, a ti gé igbó tí ó tóbi púpọ̀ lulẹ̀ láti gbin ọ̀pẹ.

Àwa Yorùbá kò sì nílò láti lọ jìnnà kí a tó rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́. Ẹ rántí igi ìrẹ́. Nígbà tí ayé ń wá rọ́bà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oje ìrẹ́ inú igbó wa ni a ń gbà. Ní ọdún 1895 nìkan, rọ́bà tí ó ti Èkó lọ sí òkè òkun lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ní ìwọ̀n. A dá igi lára láìsinmi títí igi fi kú lórí ìdúró, láàrin ọdún díẹ̀ òwò náà sì wó lulẹ̀. Ìrẹ́ kì í ṣe epo rọ̀bì. Igi Ọlọ́run ni. Ojúkòkòrò ni ó pa á. Nítorí náà, pé ohun kan ti inú igi wá kò tó fún ẹ̀rí ìwà rere.

NÍ ÌSỌ̀ ÌYÁ ELÉWÉ

Nígbà tí a ti ka gbogbo èyí tán, a ronú pé ọ̀rọ̀ ti yé wa, a sì lọ sí ìsọ̀ ìyá eléwé láti tọrọ àforíjì, kí a sì fún un ní ìròyìn ayọ̀. A kí i, a jókòó lórí àpótí rẹ̀, a sì wí fún un pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá. Ní ìkórè tí ń bọ̀, gbogbo ìjọ ni yóò padà sí ewé."

Ìyá náà kò dáhùn kíákíá. Ó ń ka ewé rẹ̀ ní méjì méjì. Nígbà tí ó dì í tán, ó ní, "Akọ̀wé, ọmọ mi, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ewé kì í hù nínú ìsọ̀. Igbó tí mo ti ń já a, wọ́n ti gé igi orí rẹ̀, wọ́n ti kọ́ ilé sí i. Abẹ́ ibòji ni ewé yìí ń gbé. Bí oòrùn bá ti mú un lórí, ó tán. Ọkọ̀ ni mo ń wọ̀ báyìí kí n tó débi tí ó wà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi wọ́n tí ẹ fi kọ̀ ọ́. O ní kí gbogbo ìjọ padà sí ewé. Ṣé ẹ ti bi ewé bóyá ó wà?"

A kò rí èsì fọ̀. Ọdún mẹ́ta ni a ti ń kọ owó ewé sínú ìwé pé ó ń gòkè, a kò sì bèèrè ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Gbogbo ohun tí a ti kà nípa Brazil àti Nebraska, ìyá yìí ni ó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo so ó mọ́lẹ̀ fún wa: ohun tí a óò máa lò láti inú oko, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbìn ín.

A gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé. Ọ̀kan nínú àwọn baba ìjọ ní oko kòkó tí ó ti dàgbà, ibòji sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá eléwé fúnra rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ó sì fi hàn wọ́n bí a ti ń hú gbòǹgbò rẹ̀ tí ó ń fà nílẹ̀, bí a ti ń gé e, àti bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ sínú ilẹ̀ tútù. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti yọ. Díẹ̀ kú, nítorí pé àwọn kan gbìn ín síbi tí oòrùn ń wọ̀. Kò ní tó fún ìkórè ọdún yìí. Àwa kò sì ní tàn yín jẹ nípa èyí. A óò ra ìyókù lọ́wọ́ ìyá náà ní iye tí ó bá pè é, nítorí a ti mọ iye tí ọkọ̀ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

OHUN TÍ ILÉ KỌ̀Ọ̀KAN LÈ ṢE

Ẹ̀yin ìyá ilé àti ẹ̀yin baba ilé, a kò ní kí ẹ kó gbogbo ike inú ilé yín dànù lónìí. Èyí tí ẹ ti ní, ẹ lò ó títí yóò fi gbó, nítorí ike tí a lò fún ọdún mẹ́wàá sàn ju èyí tí a lò fún wákàtí kan lọ. Àwọn tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ mú apẹ̀rẹ̀ tàbí àpò aṣọ lọ sí ọjà, bí àwọn ìyá yín ti ń ṣe. Ẹ gbé abọ́ lọ bí ẹ bá fẹ́ ra oúnjẹ. Bí mọ́ínmọ́ín bá ṣeé fi ewé ṣe, ẹ fi ewé ṣe é. Bí ewé kò bá sí, agolo tàbí abọ́ irin tí ó mọ́ lè ṣe é, kò sì ní wọ gọ́tà.

Ẹ padà sí òrí fún ara àwọn ọmọ. Ẹ ra ọṣẹ dúdú lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀ pé àdín àti eérú ni ó fi sè é, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n ń pa á láró. Kànìnkànìn ìbílẹ̀ a máa gbó, lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá gbó, ilẹ̀ ni ó ń di. Bí ẹ bá fẹ́ ra àdìrẹ fún ọdún, ẹ bi aláró bóyá ẹ̀lú ni tàbí aró inú agolo, bóyá ẹ̀kọ ni tàbí ìda. Aláró tí ó ń lo ẹ̀lú yóò dùn pé ẹnìkan bi òun. Èyí tí kò lò ó yóò mọ̀ pé ẹnìkan ń bèèrè.

Ẹni tí ó bá ní ilẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yìnkùlé, kí ó gbin nǹkan kan sí i. Kí olùkọ́ ilé ìwé kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ jáde, kí wọ́n ri ewé kan àti ọ̀rá kan mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí wọ́n sì wú wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ohun tí àwọn ọmọ náà bá fi ojú ara wọn rí, wọn kò ní gbàgbé rẹ̀ títí wọn yóò fi ní ilé tiwọn.

Ní tiwa, a ti fa ìlà tuntun kan sínú ìwé ìṣirò ìgbìmọ̀ ìkórè. Tẹ́lẹ̀, iye owó tí a ra nǹkan nìkan ni a ń kọ. Nísinsìnyí, ní ẹ̀gbẹ́ iye owó, a ń kọ ibi tí ohun náà ti wá àti ibi tí yóò lọ bí àsè bá parí. Ní ìpàdé tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ dábàá pé kí a tún ra abọ́ funfun nítorí àwọn àlejò tí ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. A ṣí ìwé, a sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. A kọ ibi tí ó ti wá. Nígbà tí a dé ìlà kẹta, a gbé gègé sókè, a sì bi gbogbo ìpàdé pé kí ni kí a kọ síbẹ̀. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ni ó dáhùn pé, "Ẹ kọ ọ́ pé ìsọ̀ ìyá eléwé ni." Lẹ́yìn èyí ni ó ní kí a fagi lé e.